Ẹjọ́ Ẹnìkan nínú Fíìmù Vinnaithaandi Varuvaayaa

Ìbéèrè ni orúkọ fíìmù èdè Tamil tí Gautham Vasudev Menon darí, tí ó sì jáde ní ọdún 2010: ‘Ṣé ìwọ yóò ré òfuurufú kọjá wá bá mi?’ Bí a bá wo ibùdó ìtàn náà, ìbéèrè yìí yóò yà wá lẹ́nu, nítorí inú ilé kan ṣoṣo ní Chennai ni àwọn olùfẹ́ méjèèjì ń gbé. Ìdílé Jessie, èyí tí Trisha ṣe, ni onílé, òkè ni wọ́n sì wà. Ìdílé Karthik, èyí tí Silambarasan ṣe, ni ayálégbé ìsàlẹ̀. Kí ni ó wá dé tí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ilé fi di ọ̀rọ̀ òfuurufú?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ hàn ni ti ẹ̀yà àti ẹ̀sìn. Tamil ẹlẹ́sìn Hindu ni Karthik. Malayali onígbàgbọ́ ni Jessie, Alappuzha ní ìpínlẹ̀ Kerala sì ni orírun ìdílé rẹ̀. Jessie fi ọdún kan ju Karthik lọ. Bàbá rẹ̀ kò fojú rere wo iṣẹ́ sinimá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà gan-an ni Karthik ń lé kiri lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tán. Jessie kọ ọkọ tí wọ́n mú wá fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo èèyàn, síbẹ̀ kò bá Karthik lọ. Ó rọrùn, nígbà náà, láti kà á sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ìtàn náà fún wa? Karthik ni. Ohùn rẹ̀ ni ó ń tọ́ òǹwòran sọ́nà, òun náà ni ó sì ń bi ara rẹ̀ léraléra ìdí tí ó fi jẹ́ Jessie ni ó yàn nínú gbogbo obìnrin ayé. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń wo Jessie. A ń rí i bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí ó sì ń gòkè. Díẹ̀ ni a ń gbọ́ nínú ohun tí wọ́n ń bá a sọ lókè nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Yorùbá sì ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Bí a bá wá gbé ẹjọ́ kejì yẹ̀ wò, a óò rí i pé ohun tí olúkúlùkù yóò pàdánù kò dọ́gba. Karthik gun àtẹ̀gùn, ó sì rìn dé Kerala, ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà. Bí Jessie bá kọjá, ó lè má rí bàbá, ìyá àti ìjọ rẹ̀ bá padà. Nígbà tí ó sì nílò Karthik jù lọ, iṣẹ́ fíìmù ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Jessie nìkan ni wọ́n ní kí ó ré òfuurufú kọjá.

Ìparí fíìmù náà fìdí èyí múlẹ̀. Menon ya ìtàn yìí ní èdè Telugu pẹ̀lú ní àkókò kan náà, ó pè é ní Ye Maaya Chesave, àwọn olùfẹ́ náà sì fẹ́ ara wọn níbẹ̀. Nínú ti Tamil, inú fíìmù tí Karthik fúnra rẹ̀ ṣe, tí ó pè ní Jessie, ni ìgbéyàwó wọn ti wáyé. Jessie gan-an ti di aya ẹlòmíràn. Ẹ̀dà Tamil ni ó sàn jù, nítorí ó jẹ́wọ́ pé ohun tí asọ̀tàn ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, ìjẹ́wọ́ náà kò tó. Orúkọ Jessie ni ó wà lára fíìmù Karthik, ṣùgbọ́n ẹnu Karthik ni ọ̀rọ̀ ṣì wà. Ìtàn tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti òkè ilé náà, tí yóò jẹ́ kí ọmọ onílé sọ tẹnu rẹ̀, ni Menon kò tíì sọ fún wa nínú fíìmù yìí.