Ẹ̀yìn tí Ditko Yà

Ìwé atọ́nà tí ilé iṣẹ́ Marvel fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde sọ pé Spider-Man lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 10. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára náà ṣe tó, àti ibi tó ti ń tán, ojú ewé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú The Amazing Spider-Man nọ́ńbà 33, ti oṣù Kejì ọdún 1966, ni kó lọ wò. Steve Ditko ló gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀, òun náà ló yà á. Stan Lee ló kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ìtàn ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀rọ irin ràgàjì kan ti wó lu Spider-Man nínú ibùba ọ̀tá rẹ̀, Doctor Octopus, lábẹ́ omi. Àǹtí May tó tọ́ ọ dàgbà ń kú lọ nílé ìwòsàn. Agolo oògùn tó lè gbà á là wà nílẹ̀ níwájú Spider-Man, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Omi ń jò láti òkè.

Ẹ wo ìṣòro tí ayàwòrán bá pàdé. Ìbòjú ti bo gbogbo orí Spider-Man: kò sí ẹnu tí yóò là láti kérora, kò sí ojú tí yóò le koko. Ohun tí ojú ìbá sọ, èjìká, ọrùn àti ìka ọwọ́ ni Ditko gbé e fún. Orí tẹ̀ ba, àgbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Irin sì gba gbogbo òkè. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú, ẹ̀rọ kò mì. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ditko kò kánjú. Ó jẹ́ kí agbára ọkùnrin náà tán lójú wa, kí òòyì kọ́ ọ, kó rántí Àǹtí May àti ọkọ rẹ̀, Ben, tó ti kú, kó tó tún ki ẹ̀yìn bọ̀ ọ́. Agbára tó ní òpin ló ń já wa láyà. Superman ọdún 1938 náà ní òdiwọ̀n, fífò sókè ló ń fò, kì í rá bàbà bí ẹyẹ. Nígbà tó yá ni wọ́n bù ú kún títí ó fi ń ti pílánẹ́ẹ̀tì kiri, àyà wa kò sì já fún un mọ́.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń gòkè ni àpótí àwòrán ń fẹ̀ sí i. Ojú wa tó ti há mọ́ àárín àwọn àpótí tóóró yóò wá ṣí ojú ewé karùn-ún: àwòrán kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ti nà, irin ti kúrò lórí rẹ̀. Òǹkàwé á mí kanlẹ̀.

Kò sì parí síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ti ṣèṣe, omi ya wọlé, àwọn ọmọ iṣẹ́ ọ̀tá ṣì wà lọ́nà. Nígbà tí Peter Parker, ẹni tó wà lábẹ́ ìbòjú náà, lọ ta fọ́tò fún Jameson, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, níparí ìtàn, ọgbẹ́ ṣì kún ojú rẹ̀, Betty Brant, akọ̀wé Jameson, sì rí i. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìbá ti nu ọgbẹ́ yẹn kúrò ní kété tí ìjà parí.