Ìdáwà Láàárín Èrò: Ìgbà Èwe àti Ìfẹ́ Àkọ́kọ́ Nínú L'Enfant noir

L'Enfant noir ni ìwé àkọ́kọ́ tí Camara Laye, ọmọ ìlú Kouroussa ní orílẹ̀-èdè Gíní, kọ. Ilé-iṣẹ́ Plon tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris ní 1953; ní ọdún kejì, ó gba ẹ̀bùn Charles Veillon. James Kirkup túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, The African Child sì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó kà á ní Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n. Ìtàn ìgbà èwe òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni, láti ìgbà tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ títí dé ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìwé àṣà ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fi í ṣe: bí àwọn Malinké, ẹ̀yà òǹkọ̀wé, ṣe ń rọ wúrà, bí wọ́n ṣe ń kórè ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń dábẹ́ fún ọmọ. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ lé ọmọ náà láti orí kan dé òmíràn yóò rí i pé ìtàn ìdáwà ni òun ń kà.

Ìdáwà náà kì í ṣe ti ọmọ òrukàn. Agbo ilé wọn kún: ìyá, bàbá, àwọn àbúrò, àwọn ọmọṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, àwọn obìnrin tó gbé wúrà wá kí wọ́n fi rọ ohun ẹ̀ṣọ́, àti akígbe tí ń ki bàbá lóríkì bí iná ti ń yọ́ wúrà. Láàárín èrò yìí ni ejò dúdú kékeré kan ti máa ń wọlé tọ bàbá wá, tí bàbá á sì máa fọwọ́ pa á lára. Nígbà tí ọmọ béèrè, bàbá ní ejò náà ni alátọ́nà ìran àwọn, ẹni tó bá fẹ́ jogún rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa jókòó ti bàbá. Ó wá fi kún un pé ẹ̀rù ń ba òun: ilé-ìwé ni ọmọ ń lọ, ó lè kúrò nílé láìgbọ́ gbogbo ohun tó yẹ kó gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àlejò nílé bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e.

Òru Kondén Diara, tí wọ́n fi ń dán ìgboyà àwọn ọmọkùnrin wò, tún fi ìdáwà yìí hàn. Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì dábẹ́ lọ sínú igbó, wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n bojú, bẹ́ẹ̀ ni bíbú kìnnìún gba gbogbo igbó kan. Wọ́n pọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, síbẹ̀ olúkúlùkù ló ń dá bẹ̀rù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń bú bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Ayépé, tàbí ti ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó bá ti gbọ́ ohùn Orò lóru kò nílò kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí yẹn fún un. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà mọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ìdábẹ́. Ìkókó ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Yorùbá ti ń dábẹ́, wọn kì í rántí. Ní Kouroussa ìgbà náà, ọmọ ti gbọ́n, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ, òkèèrè ló ti ń wò ó. Nígbà tó padà sílé, wọ́n ti kọ́ ilé kékeré tirẹ̀ fún un, ó dojú kọ ti ìyá rẹ̀. Ìrìn-àjò sí Conakry àti Paris ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó jìn nínú ìwé náà tó àgbàlá tó wà láàárín ilé méjèèjì yìí.

Ìfẹ́ bá a lójú ọ̀nà yìí. Ti Fanta, tí wọ́n jọ ń lọ ilé-ìwé ní Kouroussa, kò ju ìtìjú ọmọdé lọ. Ti Marie ló jinlẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni Laye nígbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ìwé Georges Poiret ní Conakry. Ilé Mamadou, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ti ń lo ọjọ́ Sunday, Marie tó ń kàwé ní ilé-ìwé àwọn obìnrin náà sì ń wá síbẹ̀. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sétí òkun, wọ́n á wo omi, wọ́n á padà. Àwọn ìyàwó Mamadou ti ń ro ọ̀rọ̀ wọn sí ìgbéyàwó. Àwọn tó ni ìfẹ́ kò là á lẹ́nu.

Takekurabe, ìtàn kúkúrú tí Higuchi Ichiyō ará Japan tẹ̀ jáde ní apá-apá láàárín 1895 àti 1896, sún mọ́ èyí gidigidi. Lẹ́bàá Yoshiwara, àdúgbò àwọn aṣẹ́wó ní Tokyo, ni Midori ọmọ ọdún 14 ń gbé. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣe ń dúró dè é; iṣẹ́ àlùfáà ń dúró de Nobu, ọmọ àlùfáà Búdà. Lọ́jọ́ òjò kan, okùn bàtà Nobu já lẹ́nu ọ̀nà ilé Midori. Midori ju àjákù aṣọ sílíkì pupa sí i kó fi so ó. Nobu fi aṣọ náà sílẹ̀ nínú òjò. Àwọn náà kò la ìfẹ́ lẹ́nu fún ara wọn. Ichiyō, tó kú ní ẹni ọdún 24, kò fi pamọ́ rárá pé owó ló ń ra Midori lọ.

Camara kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Mongo Beti, òǹkọ̀wé ará Kamẹrúùnù, fi bá a wí nínú Présence Africaine pé ó kọ ayé dídùn nígbà tí àwọn amúnisìn ń jọba lórí ènìyàn. Senghor, akéwì ará Senegal, gbèjà rẹ̀. Ẹ̀sùn Beti kò ṣeé gbá dànù, nítorí ìjọba Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ilé-ìwé tó gba ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò bàbá rẹ̀? Ìyá Laye mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Argenteuil ní ilẹ̀ Faransé, òun nìkan ló bínú ní gbangba sí àwọn tó ń mú un lọ, ìbínú rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó le jù nínú ìwé náà.

Àbùkù ìwé náà wà níbí pẹ̀lú. Marie fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohùn tirẹ̀: ó dára, ó dákẹ́, ó sunkún nígbà ìdágbére. Ìyá ní ohùn, ó ní agbára: ó ń pọnmi nínú odò Niger láàárín ọ̀nì, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Camara wà ní Paris, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Simca, nígbà tó ń kọ ìwé náà. Marie ló padà fẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó kọ ewì iwájú ìwé náà fún.