Rírí, Mímọ̀ àti Wíwà: Àtúnyẹ̀wò Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀-Ìṣe *vid* nínú Èdè Sanskrit

Dhātupāṭha, àkójọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá gírámà Pāṇini rìn, to *vid* sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ: *vetti* 'ó mọ̀ ọ́n', *vindati* 'ó rí i gbà', *vidyate* 'ó wà'. Whitney náà, nínú ìwé gbòǹgbò tí ó tẹ̀ jáde ní 1885, to 'mọ̀' àti 'rí gbà' lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtò yìí sí ẹ̀rí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ti ṣi Dhātupāṭha lò. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni ó jẹ ẹ́ lógún, kì í ṣe ìtàn ọ̀rọ̀. Ìhun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, nítorí náà ni a ṣe yà wọ́n.

Inú àwọn èdè tí ó bá Sanskrit tan ni ìtàn náà wà. Ní Gíríìkì, *oida* ni 'mo mọ̀', *eidon* sì ni 'mo rí'. Ní Látíìnì, *video* ni 'mo rí'. *Oida* bá *veda* 'mo mọ̀' ti Sanskrit mu régí: *oi* àtijọ́ di *e* ní Sanskrit, *w* ìbẹ̀rẹ̀ sì pòórá ní Gíríìkì. Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọn kò ní àpètúnpè tí irú wọn sábà máa ń ní. Èyí fi hàn pé ogún àtijọ́ ni wọ́n. Nítorí náà, rírí ni gbòǹgbò náà sọ. Ibá aṣetán ni ó sọ ọ́ di mímọ̀: ẹni tí ó ti rí i ni ó mọ̀ ọ́n.

Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. *Rí* kan náà ni a ń lò fún ohun tí ojú tó àti owó tí ó sọnù tí a wá rí. Bí a bá ní a ń rí ẹja nínú odò kan, wíwà ẹja ni a sọ. *Ìrírí* sì ni ìmọ̀ tí rírí bí.

Àmọ́ ìjọra ìtumọ̀ kì í ṣe ìbátan. Ní 1948, J. Olumide Lucas fi ìjọra ìró àti ìtumọ̀ so ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ti Íjíbítì àtijọ́, láìsí òfin ìró tí ó dúró káàkiri. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ó so *veda* mọ́ *oida*. Òun náà ni ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lọ sí ìlú òkèèrè.