Ohùn Tí Kì í Mí: Lórí Lost Themes ti John Carpenter

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ nípa ohùn-ọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí bi mí léèrè pé: ṣé orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lè bani lẹ́rù lóòótọ́, àbí fíìmù tí wọ́n fi í sí ló ń bani lẹ́rù? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Àwo orin kan wà tó lè bá wa dá a láhùn, torí pé orin fíìmù ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fíìmù ọ̀hún ò sí níbì kankan.

John Carpenter, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1948, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí olùdarí fíìmù abanilẹ́rù. Òun ló darí Halloween ní 1978 àti The Fog ní 1980, òun náà ló sì ṣe orin inú wọn. Owó tó lè fi háyà ẹgbẹ́ olórin ńlá ò sí, síntẹ́sáísà, ìyẹn ẹbí kíbọ́ọ̀dù tá a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, sì lè dún bí èèyàn púpọ̀. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ orin ní yunifásítì, ló kọ́ ọ ní ìlù tí a ń kà ní márùn-ún márùn-ún dípò mẹ́rin, èyí tó gbé orin Halloween dúró. Carpenter fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ rí pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fíìmù kan wo Halloween kí wọ́n tó fi orin sí i, ẹ̀rù ò bà á rárá. Ìgbà tí orin wọlé ni nǹkan yí padà.

Ní 2015, nígbà tó pé ọmọ ọdún 67, ó gbé Lost Themes jáde. Orin mẹ́sàn-án ni, òun àti Cody ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú Daniel Davies, ọmọ ìsàmì rẹ̀, ni wọ́n jọ ṣe é. Kálukú ni kó fi ojú inú ya fíìmù tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Etí wa kì í gbọ́ ìró tó ń lọ sókè-sódò kó má wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìlú, ìwé, ìyá, ọ̀rẹ́: ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni gbogbo wọn, dùndún ò sì lè fi ìyàtọ̀ sí wọn tó bá dá wọn pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń lo gbólóhùn gígùn tí olùgbọ́ ti mọ̀, kí etí lè rí ibi dì mú. Carpenter ò fún wa níbi tá a máa dì mú. Ìró bíi mélòó kan á lọ, á bọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì: a gbọ́ ohùn, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wa ní kékeré pé tí a bá gbọ́ ìpè lóru tí a ò rí ẹni tó ń pè, ká má jẹ́ ẹ. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni Wraith àti Night létí mi.

Ohun tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni ti èémí. Bí ènìyàn bá ń sọ gbólóhùn gígùn, ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn òkè tó kẹ́yìn kì í ga tó èyí tó ṣíwájú, pàápàá tí ohùn ìsàlẹ̀ bá là wọ́n láàárín. Bákan náà, tí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ́ gòkè, kì í fò. Onídùndún náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń fún okùn ara ìlù rẹ̀. Nínú Lost Themes, ẹ̀rọ ló ń tún ìró náà pè. Ìgbà kẹwàá tó padà wá, gíga tó ga nígbà àkọ́kọ́ náà ló ga: kò yọ́, kò rẹ̀ ẹ́, kò sinmi. Ohùn tó jọ ti ènìyàn ni, àmọ́ kì í mí. Àwa tá a gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: gbogbo nǹkan pé lára rẹ̀, àfi ohun kan.

Ibẹ̀ gan-an sì ni àwo náà ti máa ń kùnà. Nínú Domain àti apá kan Obsidian, jìtá ń han, ìlù ń dún gbàgbà. Ọwọ́ ènìyàn fa okùn jìtá, ohùn yọ́, èémí wọlé padà. Ó dùn, mi ò ní parọ́, àmọ́ iwin ti sá lọ. Purgatory ló fi èyí hàn jù: ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ilé tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó jáde, ìlù wá já wọlé lójijì, ó di eré.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù náà làwọn náà ń lò nígbà tí òkú bá fẹ́ yọ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà akọrin á ti máa kọ ọ́ lẹ́yìn pé ọ̀rẹ́ máa da ọ̀rẹ́, kí ọ̀rẹ́ náà tó dà á. Àṣà yẹn ní baba. Láyé Hubert Ogunde, orin ni wọ́n fi ń ṣílé eré, orin ni wọ́n sì fi ń là á yé èèyàn. Ó wúlò fún eré tó fẹ́ kọ́ni lọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹ̀rù ò lè gbé níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé gbogbo nǹkan tán. Ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù dá pè wá nígbà mìíràn, kẹ́ ẹ má sọ ẹni tó ń pè.

Ìdáhùn mi nìyí, nígbà náà: orin náà ló ń bani lẹ́rù, kì í ṣe àwòrán. Ohun tí kò sọ ló fi ń ṣe é. Carpenter àtàwọn ọmọ náà ti ṣe mẹ́ta sí i, ní 2016, 2021 àti 2024, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yìí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ Vortex, kẹ́ ẹ fo Domain tẹ́ ẹ bá fẹ́, kẹ́ ẹ sì fi Night parí rẹ̀ nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù ò bá bà, kó wá bá mi jiyàn.