"Daemon" Kì í Ṣe "Demon": Lórí Àkọlé Ìtumọ̀ Ìwé Fágúnwà

Ní ọdún 1968 ni a tẹ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún "Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀", ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938. "The Forest of a Thousand Daemons" ni ó pè é. Àwọn kan a máa kọ ọ́ bí ẹni pé "Demons" ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n yọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ igbó náà di ohun mìíràn.

Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀mí alágbára tí ó lè ṣeni lóore, tí ó sì lè ṣeni níbi, ni àwọn Gíríìkì ń fi orúkọ náà pè. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi gbilẹ̀, ẹ̀mí búburú nìkan ni a wá fi mọ̀ ọ́n. Ìtumọ̀ burúkú yìí ni "demon" ń gbé kiri ní Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́ka sí ti àtijọ́ ni ó ń kọ "daemon". Àwa náà kò ṣàì mọ irú èyí: àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi Èṣù dúró fún ọ̀tá Ọlọ́run, orúkọ Èṣù kò sì bọ́ nínú àbùkù náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú igbó Fágúnwà. Níbẹ̀ ni Agbákò ti dojú ìjà kọ Àkàrà-oògùn. Níbẹ̀ náà ni Ìrànlọ́wọ́ ti ṣe é lóore. Ta ni yóò wá pe gbogbo wọn ní ẹ̀mí àìmọ́? Ṣóyínká mọ èyí, ó sì ṣàlàyé ṣáájú ìtàn náà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni.

Síbẹ̀, àléébù kan wà níbẹ̀. Ojú nìkan ni ó ń rí ìyàtọ̀ yìí. Etí kò gbọ́ ọ. Bí a bá ka àkọlé náà sókè, "demons" ni olùgbọ́ yóò gbà á sí, bẹ́ẹ̀ ni ìwé Fágúnwà jẹ́ ìwé tí ó dùn ún kà sétí ìgbọ́ ẹlòmíràn. Ní èrò tèmi, ì bá sàn kí a fi "irúnmalẹ̀" sílẹ̀ bí ó ti wà, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti gba "òrìṣà" wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó ti jẹ́ pé "daemon" ni a ní lọ́wọ́, kí olùkọ́ má ṣe ka lẹ́tà náà sí àṣìkọ lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yọ ọ́ ti dá àwọn irúnmalẹ̀ lẹ́bi kí ó tó ṣí ìwé wò.