Ìdánwò Inú Ìwé àti Ìdánwò Ojú Ọ̀nà

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà kọ àròkọ lórí bí onígbàgbọ́ ti ń ṣẹ́gun ìdánwò, a ti mọ ohun tí púpọ̀ nínú wọn yóò kọ kí a tó ṣí ìwé wọn. Ọmọkùnrin kan ń lọ lọ́nà, Sátánì yọ sí i pẹ̀lú ìwo lórí àti iná lẹ́nu, ọmọ náà ka ẹsẹ Bíbélì kan, Sátánì fẹsẹ̀ fẹ, ìtàn parí. A kò fẹ́ fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí lọ́dọ̀ àwa àgbà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní àbùkù ńlá méjì. Èkíní ni pé ohun tí ọmọ náà kọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fẹ́, nítorí ta ni yóò fẹ́ bá abìwo-lórí rìn? Èkejì ni pé ìjà náà kì í pẹ́ rárá. Ẹni tí ó bá gba irú ìtàn yìí gbọ́, ọwọ́ òfìfo ni yóò fi pàdé ìdánwò tòótọ́ ní ọjọ́ tí ó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ìwé kan tí ó ti wà ní èdè wa láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí í ṣe Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. John Bunyan ni ó kọ ọ́. David Hinderer, míṣọ́nárì C.M.S. ní Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bunyan kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ń tún ìkòkò irin ṣe ni. Láti ọdún 1660 títí di 1672 ni ó fi wà lẹ́wọ̀n ní Bedford nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ, apá kìíní ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1678. Bí ó bá ti ṣèlérí pé òun kò ní wàásù mọ́, wọn ì bá ti dá a sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa ìdánwò, ó mọ ohun tí kíkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Abìwo-lórí kò ṣàìsí nínú ìwé tirẹ̀ náà. Onígbàgbọ́ bá Apólíónì jà ní àfonífojì fún ohun tí ó ju ìdajì ọjọ́ lọ, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹ́gun akọni yìí lẹ́yìn náà: koríko ni. Ọ̀nà le, ẹsẹ̀ ń dun òun àti Onírètí ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n rí ipa-ọ̀nà kan tí ó rọ̀ nínú pápá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì yà síbẹ̀. Onígbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ni ó mú ìmọ̀ràn náà wá. Òmìrán Àìnírètí mú wọn, ó sì tì wọ́n mọ́lé láti òwúrọ̀ Ọjọ́rú títí di òru Sátidé, láìjẹ láìmu, pẹ̀lú ìyà lílù. Ní ọ̀gànjọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí Onígbàgbọ́ tó rántí kọ́kọ́rọ́ kan tí ń bẹ ní àyà rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìlérí. Ẹ kíyè sí i pé kọ́kọ́rọ́ náà ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti tì í mọ́lé. Bunyan kò fi ìgbàgbọ́ ṣe oògùn tí a ń pè tí ó ń jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó fi í hàn bí ohun tí ènìyàn lè ní kí ó sì gbàgbé.

A kò wí pé ìwé náà kò lábùkù. Bunyan a máa kọ orúkọ olúkúlùkù sí i níwájú orí: Alágídí ń jẹ́ Alágídí, Ọlọ́gbọ́n-ayé sì ń jẹ́ Ọlọ́gbọ́n-ayé. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa, orúkọ rere ni ìdánwò sábà máa ń jẹ́. Ó lè máa jẹ́ iṣẹ́. Ó lè máa jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Lórí èyí, ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lè fi kún ẹ̀kọ́ tí a rí nínú ìwé Bunyan.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní Òdò-Ọwá ní 1904, ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún P.W.D. ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Bí ti Bunyan, iṣẹ́ irin ni òun náà ti kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti sọ ni pé ẹ̀rọ náà dúró lójijì, pé ó gbọ́ ohùn tí ó pè é, àti pé ní oṣù Keje 1930 ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òoyè ní Iléṣà, tí èrò ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Báyìí ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì ti ń ròyìn rẹ̀, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀sùn tí a ní sí àwọn tí ń sọ ọ́ ni pé wọ́n ń sáré kọjá ibi tí ìdánwò wà. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ wí pé a pè é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni ó dì í mú? Kì í ṣe abìwo-lórí. Iṣẹ́ ìjọba ni, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ náà kò burú. Ó dára, ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò náà sì ti le. Kíkọ̀ náà kò sì parí ní ọjọ́ tí ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní ìlú rẹ̀ wọ́n pè é ní wèrè. Ní 1932 ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Kò sì padà sẹ́yìn títí ó fi kú ní Ẹdẹ ní 1959.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwọn Ìjẹ̀ṣà ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn oníṣòwò wọn tí ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá ni a ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, oníṣòwò náà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a ní lóṣòó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Òṣómàáló ni ìdánwò. Lúùkù orí kẹrin kò sọ fún wa pé Èṣù lọ tán lẹ́yìn tí Olúwa wa ti borí rẹ̀ ní aginjù. Fún sáà kan ni ó fi lọ. Ìgbàgbọ́ tí yóò borí irú àlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jókòó pẹ́ jù ú lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí ni èyí kàn wá nínú ilé ẹ̀kọ́? Èdè wa fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun tí Sátánì ń ṣe àti ohun tí àwọn ọmọ ń jókòó kọ ní òpin ọdún. Ní ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ tí ó bá ọmọ wa mu gààrí pọ̀ ni yóò na ìwé ìdáhùn sí i lábẹ́ tábìlì. Bí ó bá jẹ́ pé abìwo-lórí nìkan ni a ti kọ́ ọ láti sá fún, yóò wá ìwo títí, kò ní rí i, yóò sì gba ìwé náà. A mọ ọmọ kan tí ó kọ̀ ọ́, tí ó sì fìdí rẹmi ní ọdún náà, nígbà tí àwọn tí ó gbà á yege. A kò tíì rí àròkọ kan tí ó jọ ìtàn tirẹ̀, nítorí pé òpin rẹ̀ kò dùn. Síbẹ̀, bí Bunyan bá wà láàyè, ìtàn tirẹ̀ ni ì bá yàn.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún ń yẹ irú àròkọ yìí wò, ẹ jẹ́ kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó fún un ní máàkì. Kí ni ẹni inú ìtàn rẹ kọ̀, kí sì ni ó fi wù ú? Ta ni ó gbé e wá fún un? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì? Bí kò bá lè dáhùn ìkẹta, kí a dá ìwé náà padà fún un pẹ̀lú sùúrù, kí ó lọ kọ ìyókù.