Ìwé Sembène àti Ìdaṣẹ́sílẹ̀ Òṣìṣẹ́ Ojú Irin

Ọdún 1960, ọdún òmìnira Dahomey, Togo àti Senegal, ni ìwé ìtàn àròsọ Sembène Ousmane, Les Bouts de bois de Dieu, jáde. Bóyá nítorí èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi máa ń kà á bí ìtàn ìjà òmìnira. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ náà díjú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ìwé náà dá lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1947. Ó di oṣù kẹta 1948 kí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Dakar-Niger tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò sọ pé kí Faransé kó ẹrù rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí òfin iṣẹ́ kan náà de dúdú àti funfun, kí a sì máa san owó ọmọ fún àwọn náà. Síbẹ̀, ẹ wo Dejean, ọ̀gá àgbà inú ìwé náà: owó ọmọ yìí ló le jù lójú rẹ̀, nítorí bí ó bá san án, ó ti gbà pé ẹbí ènìyàn dúdú jẹ́ ẹbí. Sembène, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Marseille, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù lè mi ìpìlẹ̀ ìjọba amúnisìn.

Àwọn obìnrin ni ọlá ìwé náà. Nígbà tí omi wọ́n, tí ìrẹsì tán, Ramatoulaye pa àgbò arákùnrin rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Penda ṣáájú àwọn obìnrin tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Thiès lọ sí Dakar. Igi Ọlọ́run ni a ń kà nínú àkọlé náà, kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ kò nílò alálàyé.

Ibi tí a ti bá Sembène jiyàn ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú. Ní ìpàdé ńlá Dakar, Bakayoko fi ẹnu borí wọn, ó sì parí síbẹ̀. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó rọrùn jù. Ibrahima Sarr, tí ó ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ní tòótọ́, wọ inú òṣèlú, ó di mínísítà. Ní 1962, nígbà tí Senghor àti Mamadou Dia kọlu ara wọn, ìjọba olómìnira gan-an ni ó jù ú sẹ́wọ̀n.

Bamako, Thiès àti Dakar nìkan ni ìtàn náà fi ṣe ibùjókòó. Bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Bénin-Niger náà daṣẹ́ sílẹ̀, lórí irin tí ó ti Cotonou gba Ṣábẹ lọ sí Parakou. Ìwé wọn kò tíì sí lọ́wọ́ wa. A retí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lọ sí Ṣábẹ, tí yóò bi àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn léèrè ohun tí ìyá wọn sè lóṣù tí owó kò wọlé.